Ta ni Ferguson tí orúkọ rẹ̀ wà lára katakata pupa yẹn?

Nọ́ọ̀sì_Belfast

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkàn mi ò tíì kúrò níbẹ̀. Mo ra búrẹ́dì àti mílíìkì, mo na £50 sí ọmọkùnrin tó ń gbowó, ó sì fún mi ní ṣéńjì. Níbí, àwọn báńkì kan máa ń tẹ owó bébà tiwọn, nítorí náà kì í ṣe orí ọba nìkan lẹ máa rí lára owó. Orí bàbá kan ló wà lára £20 tó bọ́ sí mi lọ́wọ́, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀: Harry Ferguson. Mo bi ọmọ náà pé ta nìyí. Ó ní, "Bàbá tó ṣe tirákítọ̀ ni."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní Ìṣẹ́yìn, Òkèhò, Ṣakí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Nígbà tí mo wà ní pámárì, bí a bá ti gbọ́ ìró katakata pupa yẹn láti ọ̀nà oko, kíláàsì ti tú nìyẹn. Mo ti ka Massey Ferguson lára rẹ̀ láìmọye ìgbà, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé orúkọ èèyàn ni. Mo rò pé orúkọ mọ́tò ni, bí ẹni ń pe ẹja ní títùs.

Mo wá ìwé kà nípa rẹ̀. November 4, 1884 ni wọ́n bí i, ní abúlé Growell lẹ́bàá Dromore, ní Àríwá Ireland níbí. Ọmọ kẹrin nínú mọ́kànlá. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, onígbàgbọ́ tó le bí ojú ẹja. Ọmọ ọdún 14 ni Harry nígbà tó fi ilé ìwé sílẹ̀ bọ́ sóko, kò sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà rárá. Ó kéré lára, ẹ̀sìn ilé wọn sì ti sú u. Lọ́dún 1902, ó ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ Kánádà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Joe, bá ní kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun ní Belfast, níbi tí òun ti ń tún básíkù àti mọ́tò ṣe.

Ibi tí mo kà á dé nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dákun, ẹ bá wa dá sí i. Bàbá mi tí ǹ bá pè ti lọ sọ́run.

Gbágùúdá_Lówó

Ẹni tó sá fún oko ni àwọn àgbẹ̀ wá ń rántí? Ayé yìí mà kúkú dùn o 😂

Tíṣà_Físíìsì

Ẹ kú ìrántí bàbá o, nọ́ọ̀sì wa. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í.

Kó tó kan katakata, ọkọ̀ òfuurufú ni Harry kọ́kọ́ dojú kọ. Lọ́dún 1909, ó lọ wo àwọn ọkọ̀ òfuurufú ní Reims ní ilẹ̀ Faransé, ó sì padà wá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé àwọn náà á ṣe tiwọn. Wọ́n ṣe é lóòótọ́. Ní December 31, 1909, ní Hillsborough, nínú atẹ́gùn tó le, ọkọ̀ náà gbéra nílẹ̀, ó fò tó yáàdì 130, ìyẹn ju gígùn pápá bọ́ọ̀lù lọ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì fò ní Ireland ṣáájú rẹ̀. Ọmọ ọdún 25 ni.

Ogun Àgbáyé Kìíní ló dá a padà sídìí oko. Ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń ri àwọn ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ bọ̀ ní Ìlú Ọba, ìjọba sì fẹ́ kí wọ́n sọ gbogbo ilẹ̀ tó bá ṣeé tú di oko. Lọ́dún 1917, wọ́n ní kí Ferguson máa yí ká Ireland láti wo bí àwọn katakata tó wà nígbà náà ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ó sì wá bí wọ́n á ṣe ṣiṣẹ́ dáadáa. Òun àti mẹkáníìkì rẹ̀, Willie Sands, ni wọ́n jọ gba ọ̀nà.

Ohun tí wọ́n rí ò dára. Píláù tí wọ́n ṣe fún ẹṣin ni wọ́n fi ṣéènì so mọ́ ìdí katakata. Bí ẹni fokùn fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Torí kí táyà má baà máa yọ̀, àwọn tó ń ṣe katakata fi irin kún irin kó lè wúwo, ìwúwo ọ̀hún ló sì ń tẹ ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tú. Èyí tó burú jù: bí píláù bá kọlu àpáta, píláù dúró, ẹ́ńjìnnì ò dúró. Táyà ò lè yí mọ́, ni katakata fúnra rẹ̀ á bá máa yí lórí ààsìlì, iwájú á gbéra, gbogbo rẹ̀ á da bo dẹ́rẹ́bà lẹ́yìn. Ó pa èèyàn púpọ̀.

Dẹ́rẹ́bà_Àgbà

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n fi ojú ara mi jẹ́rìí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wa katakata ní Òkè-Ògùn, MF 135, ìyẹn Massey Ferguson kan, ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan, a lọ kọ poro ní oko kan lẹ́yìn Òtù. Olóko ní òun ti hú gbogbo kùkùté. Irọ́ ni. Rídìà, irin tó ń kọ poro, ni mo so mọ́ ọn lọ́jọ́ náà, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ká ní díìsì ni, irin ìtúlẹ̀ tó rí róbótó, ì bá gun kùkùté yẹn kọjá, ṣùgbọ́n ẹnu rídìà dà bí ìwọ̀ ẹja, tó bá ti wọ abẹ́ nǹkan ó di ká fà á ya. Mo ń lọ jẹ́jẹ́ ní gíà kejì, mo ń kọrin, ohun tí mo gbọ́ ni "gbìì!" Orí katakata rì sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ń yí lásán lójú kan, eruku sọ bo mi. Mo tẹ kíláàṣì, mo pa á.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo gbẹ́ ilẹ̀ wò. Gbòǹgbò ìrókò, ó tóbi tó itan mi. Pínì kan ti já lára rídìà. Pínì já, ẹ̀mí mi ò já.

Olóko ní ṣe kò bà á jẹ́ ṣá. Rídìà ló ń béèrè o, kì í ṣe èmi.

Tíṣà_Físíìsì

Bàbá, ohun tó gbà yín là lọ́jọ́ náà gan-an ni iṣẹ́ Ferguson. Ẹ wo ẹ̀yìn katakata yín: ọwọ́ méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè tí ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà ń pè ní tọ́ọ̀pù líǹkì. Ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni. Kò fa píláù mọ́, ó pọ̀n ọ́n ni, bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ.

Bí rídìà yín ṣe di gbòǹgbò mú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúró, òkè rẹ̀ sì fẹ́ dojú dé síwájú. Ọwọ́ òkè ni kò jẹ́. Agbára tí ì bá gbé iwájú mọ́tò yín sókè gba inú ọwọ́ òkè yẹn lọ tì í síwájú, ó tẹ orí mọ́tò mọ́lẹ̀. Torí náà lẹ ṣe rí i tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ìwúwo sì kúrò lórí táyà ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí yí lásán dípò kó fa nǹkan ya.

Èyí tó kù wà nínú epo. Bí ilẹ̀ bá le, píláù á fà gan-an, ọwọ́ òkè á ti sípíríìngì kan, sípíríìngì á ṣí ojú fáàfù, páńbù á tú epo wọlé, píláù á gbéra díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, á tún wọlẹ̀ padà. Gbogbo èyí ń lọ lábẹ́ àga dẹ́rẹ́bà tó ń kọrin. Lọ́dún 1925 ni Ferguson kọ̀wé gba ẹ̀tọ́ lórí ìmọ̀ yìí. Katakata tirẹ̀ àkọ́kọ́, dúdú ni wọ́n kùn ún, ọdún 1933 ni. Nígbà tó di 1936, òun àti David Brown ti ń ṣe é tà ní Huddersfield.

Ohun tó sì wù mí jù nìyí: nítorí pé ìwúwo píláù àti ilẹ̀ tó ń tú ti wà lẹ́yìn katakata, táyà ti rí nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a ò nílò irin lórí irin mọ́. Mọ́tò kékeré wá ń ṣe iṣẹ́ mọ́tò ńlá.

Mẹkáníìkì_Mọ́níyà

Tíṣà, ẹ ń gbádùn wa, ṣùgbọ́n ẹ dúró níbì kan. Ẹ sọ "iṣẹ́ Ferguson". Willie Sands ńkọ́? Ẹ dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bí ẹni dárúkọ ọmọ ọ̀dọ̀.

Mo ti kà nípa ọkùnrin náà. Òun ló ń wà nídìí irin. Òun àti Archie Greer. Ferguson á ní mo fẹ́ kó rí báyìí, á jáde lọ bá àwọn olówó sọ̀rọ̀, Sands á dúró nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú fáìlì àti ọwọ́ dúdú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó bínú kúrò, ó tún padà. Orí ta ló wà lára £20?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹ lè mọ ìdí tí inú fi ń bí mi. Ọ̀gá kan gbé iṣẹ́ wá fún mi lọ́dún kan, ó fẹ́ ẹ̀rọ tó máa ń sẹ gààrí. Àlàyé tó ṣe kò ju "kó máa mì" lọ. Èmi ni mo wá sípúrókẹ́ẹ̀tì ọ̀kadà, mo wẹ̀lì ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ ọn, mo gé ihò sẹ́ẹ̀fù náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó ṣe déédéé, torí ti àkọ́kọ́ ń já gààrí tútù sílẹ̀ lódidi, èkejì ò já nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí tẹlifíṣọ̀n wá, wọ́n ń pè é ní injiníà. Èmi ni mo di jẹnẹrétọ̀ mú kó má baà máa gbọ̀n.

Gbágùúdá_Lówó

Háà! Ó dùn mí ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín. Ẹ má bínú.

Nọ́ọ̀sì_Belfast

@Mẹkáníìkì, ẹ ò jẹ̀bi. Ó yẹ kí orúkọ Sands wà níbì kan tí ojú ọmọdé á ti rí i.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbèjà ọ̀gá díẹ̀. Ohun tí mo kà ni pé Ferguson ló máa ń rí ibi tí nǹkan ti wọ́, ó sì máa ń takú. Bí nǹkan bá wọ́ ní ìdajì ínṣì, kò ní sùn. Tó bá ń fi katakata rẹ̀ han àwọn èèyàn, ilẹ̀ kékeré kan ló máa ń fi okùn yí ká bí i ojú ìjàkadì, á wà á wọnú ibẹ̀, á tú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á sì jáde láìtẹ okùn. Ẹ gbìyànjú ìyẹn pẹ̀lú ẹṣin méjì. Ó tún máa ń sọ pé ẹṣin ń jẹ nínú oko tó ń ro, pé ilẹ̀ tí wọ́n fi ń gbin oúnjẹ ẹṣin á padà di ti èèyàn bí katakata bá rọpò rẹ̀.

Kì í kúkú ṣe áńgẹ́lì o. Ó wà lára àwọn tó kó ìbọn wọlé níbí lọ́dún 1914 nígbà tí ọ̀rọ̀ òṣèlú gbóná. Àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ò jọ ń rántí rẹ̀ bákan náà, mo ti kọ́ láti máa pa ẹnu mi mọ́.

Gbágùúdá_Lówó

Ó dáa, mo ti rẹ́rìn-ín tó, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ẹ ní ó rọpò ẹṣin. Níbo lẹ ti rí ẹṣin tó ń túlẹ̀ nílẹ̀ wa? Eṣinṣin tó ń fa àrùn oorun ò jẹ́ kí ẹṣin àti màlúù pẹ́ láyé nínú igbó wa, ìdí nìyẹn tí a ò fi kọ́ bí a ṣe ń fi ẹran túlẹ̀. Láti ọkọ́ la ti fò bọ́ sórí katakata. Ẹṣin tí Ferguson fẹ́ gbà sílẹ̀, àwa la jẹ́ ẹ. Ẹ̀yìn ìyá mi ni. Títí di òní, tó bá dìde nílẹ̀, ó máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ ti orúnkún, á dúró kékeré, á tó nàró, torí ọgbọ̀n ọdún ebè kíkọ.

Torí náà mi ò kórìíra katakata. Éékà mẹ́fà ni mo ń gbin gbágùúdá sí, kò sí ọkọ́ tó lè bá mi ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró de katakata tí mo ti sanwó ẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ò dúró dè mí. Nígbà tó dé, dẹ́rẹ́bà ń kánjú lọ oko ẹlòmíì, ó ju díìsì sílẹ̀ jìn, ó gbé ilẹ̀ pupa tó wà nísàlẹ̀ sókè, èyí tó dáa wọ abẹ́. Gbágùúdá yẹn yọ bí ìka ọmọ tuntun. Ti ebè iṣu ńkọ́? Mi ò tíì rí katakata tó kọ ebè kí n fọwọ́ lé e kí n ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ní nítorí àgbẹ̀ kékeré ni Ferguson ṣe ṣe é. Àgbẹ̀ kékeré ti ibẹ̀ ní mọ́tò tirẹ̀ nínú ilé. Àwa ń tò sórí ìlà.

Dẹ́rẹ́bà_Àgbà

Ìyá oko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀ yín. Òótọ́ lẹ sọ. Éékà ni wọ́n ń ka fún dẹ́rẹ́bà, iye tó bá ro ni wọ́n fi ń wọn owó rẹ̀, torí náà ó máa sáré. Èmi náà sáré nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ọwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tó ń ṣètò bí díìsì ṣe máa wọlẹ̀ sí, ẹ ní kó fi hàn yín kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kó ro ìlà kan, ẹ fi igi wọn jíjìn rẹ̀ fúnra yín. Kò ní fẹ́. Ẹ dúró tì í.

Tíṣà_Físíìsì

@Gbágùúdá_Lówó, gbólóhùn tẹ́ ẹ sọ nípa ẹṣin yẹn, mo máa lò ó ní kíláàsì. Ní ti ìlà tí ẹ ń tò sí, ó ti pẹ́. Láti ìgbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti dá àwọn abúlé àgbẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1960, Ìlorà, Akúfọ̀, Ẹ̀sà-Òkè àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ ìjọba ni katakata ti ń wá. Ẹni tí ìjọba bá rántí ló ń ro. Ìdó-Fìàn lẹ́bàá Ìlọrin wà, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń wo ẹ̀rọ oko, wọ́n ń ṣe àwọn kan tó kéré níbẹ̀. Ọ̀nà tó gba ibẹ̀ dé oko yín ló kù.

Ọmọ_Coventry

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìjíròrò yìí ni. Èmi ń gbé ní Coventry, mo sì máa ń gba Banner Lane kọjá lọ síbi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe katakata Ferguson tó tàn kálẹ̀ jù, TE20, láti 1946 di 1956. Ó lé ní 500,000. Ilé ni wọ́n kọ́ síbẹ̀ báyìí, àwọn ọmọdé ń gun básíkù níbi tí wọ́n ti ń to ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ ò ní mọ̀.

Kí n sì tún àkọlé yín ṣe díẹ̀: ti Ferguson gangan kì í ṣe pupa. Lẹ́yìn dúdú àkọ́kọ́ tí Tíṣà sọ yẹn, àwọ̀ eérú ni. Pupa yẹn wá láti ọ̀dọ̀ Massey-Harris, ilé iṣẹ́ tó padà ra tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ford wá kù. Lóṣù October 1938, Ferguson kó katakata rẹ̀ kan lọ sí Dearborn ní Amẹ́ríkà láti fi han Henry Ford. Ford fẹ́ràn oko, ọmọ àgbẹ̀ lòun náà, ó sì ti náwó púpọ̀ lórí katakata tirẹ̀. Wọ́n túlẹ̀, ó rí i, wọ́n gbé tábìlì síta, wọ́n jókòó, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́: Ford á ṣe é, Ferguson á tà á. Kò sí ìwé. Kò sí lọ́yà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ṣe ju 300,000 lọ kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́.

Mẹkáníìkì_Mọ́níyà

Láìsí ìwé kẹ̀? Ọ̀gá Ferguson! Ọ̀rọ̀ gààrí mi náà rèé.

Ọmọ_Coventry

Bẹ́ẹ̀ ni o. Ọmọ ọmọ Ford gba ilé iṣẹ́, ó ní owó ń ṣòfò lórí àdéhùn yìí, ó fòpin sí i, ilé iṣẹ́ wọn sì ń bá a lọ láti máa ṣe katakata tó ní ọwọ́ mẹ́ta náà lẹ́yìn. Ferguson pè wọ́n lẹ́jọ́ lọ́dún 1948, ó ń béèrè dọ́là mílíọ̀nù 251. Ẹjọ́ náà ń lọ títí di 1952, wọ́n yanjú rẹ̀ ní dọ́là mílíọ̀nù 9.25. Ó gbà á.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ta ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún Massey-Harris ti Kánádà. Iye tí wọ́n ń dù fi mílíọ̀nù dọ́là kan yàtọ̀ síra wọn. Ferguson ní kí wọ́n ju owó ẹyọ sókè. Wọ́n jù ú. Ó pàdánù. Mílíọ̀nù kan lọ bẹ́ẹ̀, orí àbí ìrù!

Nọ́ọ̀sì_Belfast

Kánádà tó fẹ́ sá lọ ní 1902 ló wá pàpà ra iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ò rí ayé.

Dẹ́rẹ́bà_Àgbà

Kí n tó gbàgbé, torí àwọn ọmọdé ń ka èyí. Ọwọ́ òkè tí Tíṣà ń ṣàlàyé yẹn, ẹ má ṣe so ṣéènì mọ́ ibẹ̀ láé láti fi fa igi tàbí mọ́tò tó rì. Mo rí i tí ọmọ kan ṣe é. Igi gẹdú ló fẹ́ fà jáde nínú ẹrẹ̀, kò sí nǹkan ìtúlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó yọ tọ́ọ̀pù líǹkì, ó fi ṣéènì kọ́ ojú ihò rẹ̀. Ó já kíláàṣì lójijì. Ibẹ̀ ga ju ààsìlì lọ, kò sì sí ohun tó máa tẹ orí mọ́tò mọ́lẹ̀ mọ́. Kí n tó ké "Jáwọ́!", iwájú ti wà lójú ọ̀run. Ọlọ́run ló ní kí igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà gbá a dúró. Ìsàlẹ̀ ni ká ti fa nǹkan, nídìí irin tí wọ́n ṣe fún fífà. Kì í ṣe òkè.

Tíṣà_Físíìsì

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ohun tí wọ́n rí ní 1917 náà nìyẹn, ṣéènì kan ṣoṣo ló dá a padà.

Mo fẹ́ fi eléyìí kún un. Lẹ́yìn tí Ferguson ta ilé iṣẹ́ rẹ̀, kò sinmi. Ó wọ inú mọ́tò tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà. Àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe mọ́tò eré ìje kan, P99. Stirling Moss, awakọ̀ eré ìje, fi í gba ife Gold Cup ní Oulton Park ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní September 1961. Kò sí mọ́tò Formula One míì tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà tó gba ipò kìíní rí. Ìyẹn ò bá Ferguson láyé.

Ṣáájú ìyẹn, ní January 1958, Edmund Hillary, ẹni tó gun òkè Everest, àti àwọn tó bá a lọ wa katakata Ferguson dé Òpó Gúúsù ayé, lórí yìnyín. Katakata oko o! Wọ́n kàn fi ìgbànú irin sí táyà rẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì_Belfast

October 25, 1960 ni Ferguson kú, nílé rẹ̀ ní Stow-on-the-Wold ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oògùn oorun tó pọ̀ jù ni, adájọ́ tó wádìí ikú náà ò lè sọ bóyá àṣìṣe ni tàbí ó mọ̀ọ́mọ̀. Ó ti pẹ́ tí oorun ti ń ṣòro fún un, tí ọkàn rẹ̀ sì máa ń wúwo. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́, mo mọ ojú wọn, àwọn tí orí wọn kì í dákẹ́ lóru. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo lọ sí Growell lọ́jọ́ Àìkú. Ọgbà kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń rántí rẹ̀, wọ́n ṣe ère rẹ̀ síbẹ̀. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo kí i ní "Ẹ kú iṣẹ́ o" ní Yorùbá, torí bàbá mi. Obìnrin kan tó ń fi ajá rẹ̀ ṣeré ń wò mí.

Ọmọ_Coventry

Ó ga o 😂 Mo tún rántí ohun kan. Nígbà tó ń ta TE20, sípánà kan ṣoṣo ló ń bá a wá, ó sì ń ṣí èyí tó pọ̀ jù nínú nọ́ọ̀tì tí àgbẹ̀ máa nílò láti tún nǹkan ṣe lóko. Wọ́n fín ìlà ínṣì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí àgbẹ̀ lè fi wọn poro. Àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ níbí ń wá a lójú méjèèjì.

Dẹ́rẹ́bà_Àgbà

Ẹ dúró ná.

Sípánà tó gùn, tó ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́?

Ọmọ_Coventry

Òun ni, Bàbá. Orúkọ Ferguson máa ń wà lára rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà_Àgbà

Ọ̀gá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fún mi ní ọ̀kan lọ́jọ́ tí mo gba fíríìdómù. Ní àwọn abúlé àgbẹ̀ yẹn ló ti ṣiṣẹ́ rí. Mo rò pé ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kàn jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni. Mo ń bọ̀.

Mẹkáníìkì_Mọ́níyà

Bàbá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní Coventry kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi o. Mo ní oníbàárà.

Nọ́ọ̀sì_Belfast

Ẹ má tà á, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún wa.

Dẹ́rẹ́bà_Àgbà

Mo ti rí i. Ìyá àwọn ọmọ ló ti ń fi í kọ́ ilẹ̀kùn ilé adìẹ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó ti dípẹtà, mo fi kẹrosíìnì àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́, FERGUSON ló wà lára rẹ̀ kedere. Mo gbé téèpù télọ̀ lé e láti etí kan dé èkejì: ínṣì mẹ́wàá gééré. Mo mú un lọ sẹ́yìn ilé, mo fi wọn poro ẹ̀fọ́ tí ọmọ mi kọ lánàá. Ó wọ́ o, mo ti pè é.

Fọ́tò ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lé àwọn adìẹ wọlé, gbogbo wọn ti jáde.